Nọ́ńbà Màmá Lára Ògiri

Mọ́ńdè, 5 Ṣẹ́rẹ́

Màmá, ìyá ìyá mi, ti gbà. Wọ́n fún èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ní yàrá ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kó àpò léèsì sí nígbà tí wọ́n ṣì ń tajà ní Balógun. Ó tó wákàtí kan tí mo fi jókòó lórí ẹní níwájú wọn, tí mò ń ṣàlàyé ohun tí eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́: pé apá mẹ́fà ni, pé ọ̀rọ̀ àwa tí a ń gbé fóònù fún oníbàárà ní ọ́fíìsì ni, bí iṣẹ́ náà ṣe ń sú wa, bí a ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ purọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bi mí pé ṣé ìyẹn náà ni ẹnìkan máa jókòó wò. Mo ní wọn á wò ó.

Àdéhùn méjì la jọ ṣe. A ò gbọdọ̀ bú ìyá ẹnikẹ́ni nínú eré náà. Kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ àwọn kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, torí yàrá yẹn ni gbogbo agboolé ti máa ń ṣínu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ka àwọn nǹkan tí mo ti bẹ̀rẹ̀ láyé mi fún mi: ilé-ìwé gíga tí mo fi sílẹ̀ lọ́dún kejì, iṣẹ́ aránṣọ tí mo kọ́ fún oṣù mẹ́jọ, súwẹ́tà tí mò ń hun fún wọn tó ṣì ní ọwọ́ kan ṣoṣo. Ó wà lọ́rùn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, apá òsì wà nínú rẹ̀, tọ̀tún wà nínú otútù.

"Àdíját, o mọ nǹkan í bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n sọ. Wọn ò fi ìyókù kún un.

Kò burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, apá mẹ́fà. Tí n ò bá parí èyí, n ò ní bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun mọ́, màá kàn máa gbé fóònù títí irun mi á fi funfun.

Sátidé, 10 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ mú gan-an. A kun ògiri yàrá náà ní búlúù bíi ti ọ́fíìsì wa ní Marina. Àwa mẹ́rin la wà nídìí ẹ̀. Èmi ni mò ń kọ ọ́ tí mo sì ń darí rẹ̀. Qaanitah tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ṣe òṣìṣẹ́ tí ayé ti sú. Dáfídì, ọmọ Iléṣà tó ń ránṣọ lẹ́yìn Apọ́ngbọ̀n, ló máa ṣe ọ̀gá. Jóṣúà ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ta bàtà ní Balógun, fóònù tirẹ̀ ni kámẹ́rà wa.

Dáfídì ra hẹ́dísẹ́ẹ̀tì márùn-ún lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta òkú ẹ̀rọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, onítọ̀hún sì fi ẹyọ kan ṣe èènì. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò kàn wá, eré la fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Jóṣúà kọ orúkọ eré náà gàdàgbà sára ògiri: A Ó PÈ YÍN PADÀ. Ó wá ku nọ́ńbà fóònù tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Dáfídì ní ká kàn kọ èyí tó bá wá sọ́kàn. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrin mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé kò sí nọ́ńbà tí èèyàn lè hùmọ̀ tí kì í ṣe ti ẹnìkan, èmi fúnra mi ni mo sì gba ẹ̀sùn bàbá kan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Nítorí náà, mo kọ nọ́ńbà kejì tí Màmá ní, èyí tó wà nínú fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì wọn. Èmi ni mo ra síìmù rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù nìkan ló ń pè é, ìyẹn náà lójọ́ mélòó kan. Mo sọ fún wọn pé nọ́ńbà tí a bá mọ olúwa rẹ̀ ló dáa jù. Gbogbo wọn mi orí, mo sì rí ara mi bí ọlọ́gbọ́n.

Sọ́ńdè, 11 Ṣẹ́rẹ́

Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń dákẹ́. Balógun tì, àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó wà nílé wọn. Ṣùgbọ́n Jóṣúà ò lè dé kí ṣọ́ọ̀ṣì tó parí, torí náà aago kan la bẹ̀rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì. Ó dé pẹ̀lú kóòtù funfun, ó bọ́ ọ, ó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn, ó ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀dà kàn án. Ọ̀dà kàn án.

Nínú apá kìíní, Qaanitah ní kí oníbàárà kan dúró díẹ̀ lórí ìlà. Ó wá jẹ ẹ̀pà tán, ó ka pákó àjà, ó tún bọ́ bàtà rẹ̀ wò lábẹ́, gbogbo rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tí a ò ṣe rí lọ́fíìsì níbẹ̀. Adìẹ ìyàwó Bàbá Síkírù, tá a jọ ń gbé agboolé, wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, Jóṣúà ò pa kámẹ́rà. Adìẹ náà rìn kọjá níwájú tábìlì, Qaanitah wò ó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ tò sórí ìlà." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Apá kìíní ti wà nílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo bá Màmá fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí.

Àlàmísì, 15 Ṣẹ́rẹ́

Mo sọ "a ó pè yín padà" nígbà mọ́kànlélọ́gọ́ta lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Mo kà á. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú wa ló ní ká máa sọ ọ́. Láti ọdún mẹ́rin, n ò pe ẹnikẹ́ni padà rí, n ò sì mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pè wọ́n.

Sọ́ńdè, 18 Ṣẹ́rẹ́

Apá kejì parí, a sì bọ́ sínú ìkẹta. Ọyẹ́ ti la ètè Qaanitah, ẹ̀rín ń dùn ún. Ó bá ipa rẹ̀ mu.

Wẹ́sìdé, 21 Ṣẹ́rẹ́

Jóṣúà gbé apá kìíní jáde láàárọ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, igba èèyàn ó lé méjìlá ló ti wò ó, mo sì lè dárúkọ ìdajì wọn. Ará Ìta Fájì ni wọ́n.

Sátidé, 24 Ṣẹ́rẹ́

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án! Ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ni ọ̀rọ̀ bá di tayé. Àwọn tí n ò mọ̀ rí ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ́fíìsì àwọn gan-an nìyí.

Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀gá wa náà ti rí i. Dáfídì máa ń fi ìka kan lu tábìlì nínú eré náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá wa yìí ni mo sì ti jí àṣà náà. Ó wò ó lásìkò oúnjẹ ọ̀sán lánàá, lójú mi báyìí. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa, ó ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ o, ó wá fi ìka kan lu tábìlì.

Sọ́ńdè, 25 Ṣẹ́rẹ́

Dáfídì fá orí. Ó fá a kodoro nítorí ó fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀, a sì ti ya ìdajì apá kẹta pẹ̀lú irun lórí rẹ̀. Mo fẹ́ sunkún. Qaanitah ló yọ wá. Ó ní kí ọ̀gá náà kàn wọlé bẹ́ẹ̀, kí òun sì bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀sùn àwọn oníbàárà ló jẹ irun yín?" Ó dáa ju ohun tí mo kọ lọ. Apá mẹ́ta ti parí, ó ku mẹ́ta.

Wẹ́sìdé, 28 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé. Ọjọ́ kẹta rèé tí kò síná, pẹtiróòlù sì tún ti gbówó lórí. Màmá bọ́ súwẹ́tà ọlọ́wọ́ kan wọn, wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n dà bí ẹni tí kì í sùn lọ́sàn-án mọ́.

Jímọ̀, 30 Ṣẹ́rẹ́

Iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ṣe, mo délé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ ohùn Màmá lórí fóònù.

"Rárá o, ọmọ mi, èmi kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kankan. Ìyá arúgbó ni mí ní Ìta Fájì. Ṣùgbọ́n sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Wọ́n ń gbọ́ lóòótọ́. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí àwọn tó ta fíríìjì fún un ní àwọn á gbé e wá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ní kí ẹni náà lọ bá àwọn ọlọ́jà náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, kó má sì bá wọn jà. Wọ́n ní àwọn á pè é lọ́jọ́ Túsìdé láti gbọ́ ibi tó já sí.

Mo wọlé, mo béèrè, wọ́n sì ṣàlàyé. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń pe Màmá. Àwọn tó ń wo eré wa rí nọ́ńbà lára ògiri, wọ́n sì pè é. Àwọn kan pè é fún ẹ̀rín. Àwọn mìíràn ní ẹ̀sùn gidi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ fún wọn láti bí oṣù mélòó kan. Èmi tí mo mọ̀ jù lọ pé aráyé á pe nọ́ńbà yòówù tí wọ́n bá rí, èmi náà ni mo kọ ti ìyá ìyá mi sára ògiri.

Wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé náà. Orúkọ èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kálukú bá wá. Bí wọ́n ti ń ṣe ní Balógun fún ọdún mọ́kànlélógójì nìyẹn: oníbàárà tí wọ́n bá ṣèlérí àwọ̀ léèsì kan fún, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ìlérí bá ṣẹ, wọ́n á fi ìlà gba orí rẹ̀. Mo rí ẹnìkan níbẹ̀ tí wọ́n kọ pé: "Ó bú mi. Mo pè é lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀ mí." Ìlà ti gba orí òun náà.

Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo fà á. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó pè ti ṣàlàyé fún àwọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"Ìwọ ń ṣe iṣẹ́ tìẹ," ni wọ́n sọ. "Èmi náà ń ṣe tèmi."

Sátidé, 31 Ṣẹ́rẹ́

Mo pe Jóṣúà láàárọ̀ pé nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Ó ní tí a bá yọ apá kìíní, gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá tó ti wò ó máa lọ, ká jẹ́ kí òun ti ṣọ́ọ̀bù dé ká tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kò burú, màá pè é padà.

Lẹ́yìn náà ni fóònù dún nígbà tí Màmá wà lórí ìrun Àsúbáà tí wọ́n ń san gbèsè rẹ̀, torí ẹnìkan ti fi ìpè dá wọn dúró láàárọ̀. Wọ́n ń yára bá àdúà lọ kí wọ́n lè gbé e. N ò lè wò ó. Mo yọ apá kìíní kúrò fúnra mi.

Sọ́ńdè, 1 Èrèlé

Jóṣúà ò wá. Dáfídì àti Qaanitah jókòó títí di aago mẹ́ta, wọ́n sì lọ. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì mẹ́fà wà lórí tábìlì, èmi náà wà níbẹ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n yọjú wò mí.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù," ni wọ́n sọ, wọ́n tún gòkè padà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ ibi tí nǹkan máa ń já sí tí mo bá dé ibi báyìí. Ibi yìí gan-an ni mo máa ń fi í sílẹ̀.

Mọ́ńdè, 2 Èrèlé

Mo pe Jóṣúà lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò gbé e.

Túsìdé, 3 Èrèlé

Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ bá a ní Balógun. Ó wà láàárín páálí bàtà, ó ń bá ìyàwó ilé kan wá ẹsẹ̀ kejì bàtà pupa. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó títí ìyàwó náà fi sanwó tó lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Màmá àti ìrun, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Màmá ò ṣẹ̀ mí," ló sọ. "Àwọn tó wò ó náà kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi. O ní wàá pè mí padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ohun tí ẹnu mi ń sọ láìbi mí. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe eré tí mo fi ń fi àwọn tó ń sọ ọ́ ṣẹ̀sín, mo sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi, mo fi í sílẹ̀ lórí ìlà. Ojú tì mí gidi. Mo bẹ̀ ẹ́ láìfi àlàyé kún un.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ti bo nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀ nínú gbogbo àwòrán apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wákàtí mẹ́rin ló gbà á. Àwòrán adìẹ ìyàwó Bàbá Síkírù ló fi bò ó. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi, ẹnìkan sì béèrè iye tí bàtà tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́. Mo bá a tà á.

Jímọ̀, 6 Èrèlé

Apá kìíní ti padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú adìẹ. Èèyàn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Láti òdo la tún ti bẹ̀rẹ̀.

Sọ́ńdè, 8 Èrèlé

Apá kẹrin àti ìkarùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Jóṣúà tọrọ àyè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìwàásù, Dáfídì fi aṣọ tó yẹ kó rán fún oníbàárà rẹ̀ dí fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé, a sì lẹ páálí bo nọ́ńbà ara ògiri. Ìyá Qaanitah fi ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì ránṣẹ́, a jẹ ẹ́ lórí tábìlì ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgíríbì, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù lẹ́nu Dáfídì. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn tí a kírun tán. Ara mi ń ro mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Wẹ́sìdé, 11 Èrèlé

Apá kẹfà ò ní ìparí. Mo ti kọ mẹ́rin, mo ti fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Nínú ọ̀kan, ọ̀gá lé gbogbo wọn. Nínú òmíràn, iná lọ. Irọ́ ni gbogbo wọn.

Mo gòkè lọ bá Màmá. Ìpè wọn ti dín kù. Àwọn tó kù kàn ń pè láti kí wọn ni, ẹni tó ní fíríìjì sì ti pè pé wọ́n ti gbé e dé. Mo ní kí wọ́n bá wa ṣe oníbàárà tó máa pè kẹ́yìn. Wọ́n ní irú àwọn, Àlàjá Àmúdàtù, kì í ṣe eré. Mo ní ohùn wọn lásán ni. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n àwọn ò ní sọ ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ sílẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ béèrè ohun tí àwọn máa sọ.

Sọ́ńdè, 15 Èrèlé

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Màmá wà nínú yàrá wọn lókè, àwa wà nísàlẹ̀. A fi fóònù Qaanitah pamọ́ sábẹ́ ìwé lórí tábìlì, a ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Ó dún. Qaanitah gbé òkú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sétí, ó kí oníbàárà, ó ní kí ni òun lè ṣe fún wọn.

"Ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò," ni Màmá wí. "Mo ní ọmọ-ọmọ kan nílé. Ọlọ́run fún un lọ́gbọ́n, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n tó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, kì í bá a dé òpin."

Qaanitah ò wo ojú mi. Ó ń yí bírò rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ Mà. Ṣé ẹ ti gbìyànjú láti pa á, kí ẹ sì tún un tàn?"

"Mo ti nà án rí. Kò ṣiṣẹ́."

Dáfídì fi fìlà rẹ̀ bo ẹnu. Qaanitah béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, Màmá ní láti kékeré, àti pé àwọn ò fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ o, àwọn kàn fẹ́ rí i kó parí nǹkan kan kí àwọn tó kú. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ata.

"A ti kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, Mà," Qaanitah wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "A ó pè yín padà."

"Rárá, ẹ má pè mí. Ó mọ àtẹ̀gùn. Tó bá parí, kó gòkè wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

Wọ́n pa fóònù. Qaanitah bọ́ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó sì wo òkè àjà. Jóṣúà ò pa kámẹ́rà fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìparí wa nìyẹn. Mo sunkún, n ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Dáfídì ní kí n gòkè lọ. Mo ní kò tíì yá, a ò tíì gé e, a ò tíì gbé e jáde.

Túsìdé, 17 Èrèlé

Jóṣúà gbé apá kẹfà jáde ní aago méjì ọ̀sán. Apá kìíní aládìẹ ti dé ẹgbẹ̀rún méjì. Kò tó ti àtijọ́, kò sì dùn mí mọ́. A gbá yàrá náà, Dáfídì fọ nọ́ńbà kúrò lára ògiri, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gba orí àtẹ̀gùn lọ.

Màmá wà lórí fóònù. Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró díẹ̀. Mo dúró. Mo dúró bí ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń gba obìnrin kan nímọ̀ràn lórí onílé rẹ̀, wọn ò sì kánjú rárá. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n wá gbójú sókè.

"Mo ti parí ẹ̀, Mà," mo ní. "Apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ṣí ìwé wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́, èyí tí n ò wò lọ́jọ́sí, tó ṣáájú gbogbo àwọn tó ń pè. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló wà lórí rẹ̀, ìlà méjì ló sì wà lábẹ́: "Àdíját, yàrá ìsàlẹ̀. Àdíját, ọwọ́ kejì súwẹ́tà." Wọ́n fi bírò gba orí èyí àkọ́kọ́, wọ́n fà á gún régé. Wọ́n wá gbé ẹnu bírò náà lé èkejì, wọn ò fà á.

"Ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀," ni wọ́n sọ.

Mo béèrè ibi tí òwú tó kù wà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n fi léèsì wé e, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mi ṣì wà lára rẹ̀ níbi tí mo fi í sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.